Simon: Fóònù Tó Jí Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1994, iléeṣẹ́ BellSouth Cellular bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní bọ́tìnì nọ́ńbà kankan lójú. Gíláàsì gbọọrọ ló wà níbi tó yẹ kí bọ́tìnì wà. Ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn, orí gíláàsì náà ni yóò ti fọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Simon ni orúkọ rẹ̀, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ṣáájú iPhone àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń fi fóònù ṣe lónìí ni Simon ti dáwọ́ lé nígbà náà, síbẹ̀ nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré ló lò lórí àtẹ.

Ìlú Boca Raton ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni iléeṣẹ́ IBM ti ṣe kọ̀ǹpútà PC tó gbé jáde lọ́dún 1981, èyí tó mú kọ̀ǹpútà dé orí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ lásán. Ẹnjiníà IBM kan níbẹ̀, Frank Canova, ń wo bí àwọn ohun inú kọ̀ǹpútà ṣe ń kéré sí i lọ́dọọdún. Lójú tirẹ̀, àsìkò ti tó tí kọ̀ǹpútà àti fóònù alágbèéká lè jọ gbé inú ìkarahun kan, kí ọwọ́ kan sì gbé e. Fífi ọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Láti ọdún 1965 ni E. A. Johnson ti kọ̀wé nípa rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àǹfààní àwọn tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan gbé e kúrò nínú ẹ̀rọ ńlá wá sínú fóònù.

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 1992, Canova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní èyí tí wọ́n lè fi han aráyé. Sweetspot ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Wọ́n gbé e lọ sí COMDEX, ìpàtẹ ńlá àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà ní Las Vegas. Lọ́jọ́ kejì, àwòrán Canova pẹ̀lú fóònù náà lọ́wọ́ ti wà nínú ìwé ìròyìn USA Today, lójú ewé àkọ́kọ́ abala ìṣòwò.

Àmọ́ IBM kì í ṣe iléeṣẹ́ tó ń rọ fóònù. Ó kọ́kọ́ tọ Motorola lọ, ṣùgbọ́n Motorola kọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé IBM lè di orogún òun lọ́la. Mitsubishi Electric ti ilẹ̀ Japan ló gbà láti rọ ọ́. BellSouth ló gba títà rẹ̀, òun náà ló sì sọ ọ́ ní Simon. Wọ́n fi orúkọ yìí hàn ní gbangba ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, wọ́n sì pinnu pé títà yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìṣòro sọ́fíwíà ló sún un di oṣù kẹjọ.

Kí wá ni Simon lè ṣe? Yàtọ̀ sí ìpè, ó ń fi fáàsì àti ímeèlì ránṣẹ́, ó sì ń gbà wọ́n. Ìwé orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ wà nínú rẹ̀: fọwọ́ kan orúkọ, ìpè á wọlé. Kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìṣírò wà, aago oríṣiríṣi ìlú àgbáyé náà wà. Ọ̀pá kékeré kan tó dà bíi bírò bá a wá, tí èèyàn lè fi kọ ọ̀rọ̀ tàbí ya àwòrán sórí gíláàsì. Bí èèyàn bá ń tẹ ọ̀rọ̀, Simon a máa méfò lẹ́tà tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e. Ihò kan tún wà lára rẹ̀ tí wọ́n lè ki káàdì bọ̀ láti fi iṣẹ́ mìíràn kún un. Gbogbo èyí ló wà nínú àyè ìpamọ́ tí kò ju mẹ́gábáìtì kan lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù òde òní bá yà sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹrù tó rù náà kò kéré. Ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì wọn gíráàmù 510, lásìkò tí àwọn fóònù mìíràn ń kéré sí i tí wọ́n ń ṣeé ká. Bátìrì rẹ̀ kò gbà ju ọ̀rọ̀ nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Nẹ́tíwọ̀kì ìgbà náà sì rèé, ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Kí Simon tó lè fi fáàsì kan ránṣẹ́, ó ní láti pe nọ́ńbà bí ìgbà tí èèyàn ń pe ojúlùmọ̀, kó wá máa kó ọ̀rọ̀ náà kọjá díẹ̀díẹ̀, tí owó ìpè ń lọ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Dọ́là 899 ni wọ́n ń tà á fún ẹni tó bá fọwọ́ síwèé àdéhùn ọdún méjì. Ẹni tí kò bá fọwọ́ síwèé á san 1,099. Nígbà tó yá, wọ́n já owó aládéhùn wá sí 599. Ìpínlẹ̀ 15 péré ni nẹ́tíwọ̀kì tó gbé e dé. Nǹkan bí 50,000 ni wọ́n tà kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní oṣù kejì ọdún 1995.

Inú ilé IBM fúnra rẹ̀ kò sì tòrò. Lọ́dún 1993, iléeṣẹ́ náà pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là, ó ń dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ. Fóònù kan tó kéré sí Simon, tí wọ́n ń pè ní Neon, ti wà lọ́nà, ṣùgbọ́n kò dé ọjà rárá.

Àwọn kan ń ka Simon mọ́ iṣẹ́ tó forí ṣánpọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, kòtò tí Simon sì jìn sí kì í ṣe ti ìrònú tó kù díẹ̀ káàtó. Bátìrì, nẹ́tíwọ̀kì àti íntánẹ́ẹ̀tì ni kò tíì bá a dọ́gba. Canova fúnra rẹ̀ tún ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà ní Palm, iléeṣẹ́ tó sọ kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Nígbà tí iPhone fi máa dé lọ́dún 2007, ilẹ̀ ti mọ́.

Lọ́dún 2014, tí Simon pé ogún ọdún, wọ́n gbé ọ̀kan sí gbọ̀ngàn tuntun nínú Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wúwo, ó dúdú, gíláàsì rẹ̀ gùn gbọọrọ. Nígbàkígbà tí a bá fọwọ́ kan orúkọ ẹnì kan lójú fóònù wa tí ìpè sì wọlé, ohun tí wọ́n dán wò ní Boca Raton là ń ṣe.