Àpò Awọ, Àpótí Irin: Bí Ẹrù Ṣe Rí Àyè Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alùpùpù

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1903, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Wyman gbéra ní San Francisco lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́. New York ló ń lọ, láti etí òkun kan dé ìkejì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Agbára ẹ́ńjìnnì náà kò tó ti ọ̀kadà tó kéré jù nílùú wa. Ẹrù rẹ̀ náà kò tó nǹkan: aṣọ òtútù, ìgò omi, agolo epo, irinṣẹ́, kámẹ́rà Kodak kan àti ìbọn ìléwọ́. Ọ̀nà mọ́tò ṣọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà àárín ojú irin rélùwéè ló ń gbà lọ́pọ̀ ibi, tí kẹ̀kẹ́ ń fò láti orí pákó kan bọ́ sórí òmíràn. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ló wọ New York. Ẹ rò ó wò ná: ta ló máa gbé àpótí méjì kọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kéèyàn fi wo ìtàn àwọn àpò àti àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà ẹ̀yìn alùpùpù. Ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń pinnu ohun tí wọ́n máa rán tàbí tí wọ́n máa rọ. Ẹwà àti fáàrí máa ń dé lẹ́yìn, wọ́n sì ti ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe alùpùpù kò ro ti ẹrù rárá. Èyí tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1885, igi ló pọ̀ lára rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fẹ́ fi dán wò. Nígbà tí aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù rìnrìn àjò, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n mú lò, ìyẹn àpò awọ tí wọ́n ń gbé kọ́ gàárì ẹṣin. Òfin rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ọkà lápá Òkè Ọya: ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì dọ́gba, ẹrù gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara, kó sì rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù ní wàhálà méjì tí ẹṣin kò ní: táyà tó ń yí, àti sàlẹ́ńsà tó gbóná. Àpò awọ tí òjò bá ti pa, tó wá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò níí pẹ́ tí yóò fi fì wọ inú sípóòkù, tàbí kó lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà kó sì jóná.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní ẹrù gidi fi máa ń lo ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, èyí tó ní táyà tirẹ̀, tí wọ́n so mọ́ alùpùpù. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1934, àwọn obìnrin méjì, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron, kúrò ní London lórí Panther 600 cc, wọ́n forí lé Cape Town. Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wà lára alùpùpù wọn, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan sì tún wà lẹ́yìn tó ń fà. Aginjù Sàhárà ni wọ́n gbà kọjá. Gbogbo ẹrù yẹn ló ń rì sínú iyanrìn, tí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á wà á jáde, tí wọ́n á tún gun un. Ẹ́ńjìnnì dẹnu kọlẹ̀ fún wọn lójú ọ̀nà, Agadez ni wọ́n ti tún un ṣe. Oṣù Keje ọdún 1935 ni wọ́n tó dé Cape Town. Akíkanjú ni wọ́n, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ìrìn àjò wọn fi hàn pé alùpùpù tó ń fa ilé tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kò ní nǹkan púpọ̀ tó fi sàn ju mọ́tò lọ.

Ogun Àgbáyé Kejì ló yanjú ọ̀rọ̀ táyà àti sàlẹ́ńsà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ láti ibùdó kan dé òmíràn ń gun BSA M20 àti Norton 16H. Wọ́n de irin mọ́ férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, wọ́n sì gbé àpò kánfáàsì lé irin náà. Irin yìí ló ń ru ẹrù, òun náà ni kò jẹ́ kí àpò sún mọ́ ibi tó lè gbé jóná. Ní ti àwọn ará Amẹ́ríkà, àpò awọ ni wọ́n ṣì gbé kọ́ Harley-Davidson WLA, pẹ̀lú àpò ìbọn lápá iwájú. Nígbà tí ogun parí, ẹrù ológun tó ṣẹ́kù di ọjà pọ́ọ́kú. Ọ̀dọ́ tí kò lówó mọ́tò lè ra àpò kánfáàsì méjì, kó di àgọ́, ìkòkò àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sí i, kó sì gba ọ̀nà etí òkun lọ lọ́jọ́ ìsinmi. Irin ìgbẹ́rù tí wọ́n ń tà lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ayé ogun yẹn. Owó rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Kánfáàsì kò lè gba òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró, ibẹ̀ ni àpótí líle ti wọlé. Ken Craven, ẹni tó ń gun alùpùpù káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun, àpótí fáíbà rẹ̀ sì di ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ dáadáa. Fáíbà fúyẹ́, omi kò wọ inú rẹ̀, wọ́n sì lè mọ ọ́n sí bí wọ́n ṣe fẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé tí alùpùpù bá ṣubú lórí òkúta, ó máa ń sán.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí ọjà yìí padà gan-an ni ìdè àpótí. Láyé àtijọ́, bóòtù ni wọ́n fi ń de àpótí mọ́ ara irin. Ẹni tó bá dé hòtẹ́ẹ̀lì yóò mú sípánà, tàbí kó máa kó aṣọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọlé. Ní àwọn ọdún 1970, Michael Krauser ní Jámánì ṣe àpótí tó ṣe é fọwọ́ yọ kúrò lára irin, tó ní ọwọ́ bíi báàgì ìrìn àjò. BMW ń tà á pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Ọ̀nà Jámánì tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn sì lè fi ọjọ́ kan wakọ̀ láti àríwá dé gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àpótí tó ń dán, tó bá ara alùpùpù mu, kò lábùkù. Ní 1978, Giuseppe Visenzi ará Ítálì, tó ṣe ipò kẹta nínú ìdíje àgbáyé 350 cc lọ́dún 1969, dá GIVI sílẹ̀. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kó jọ. Honda náà kò dúró sẹ́yìn: Gold Wing ọdún 1975 kò ní àpótí kankan, àmọ́ Interstate tó jáde ní 1980 ti ní méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ọ̀kan lẹ́yìn láti ilé iṣẹ́ wá.

Afẹ́fẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Alùpùpù tó ní àpótí fẹ̀, bó bá sì sáré jù, ẹ̀yìn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ yẹ inú ọ̀pọ̀ àpótí ike wò, ẹ máa rí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: kílò 10, kílómítà 120 ní wákàtí kan. Àwọn tó ń kà á kò pọ̀.

Ní àsìkò kan náà, àwọn kan kò fẹ́ ọ̀nà títẹ́. Ìdíje Paris sí Dakar kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978. BMW gbé R80 G/S jáde ní 1980, Hubert Auriol sì fi BMW gbégbá orókè ní 1981. Àwọn tó ń wò ó nílé náà fẹ́ rí Sàhárà. Àpótí ike kò wúlò fún wọn níbẹ̀, ìṣubú kan péré, ó parí. Bernd Tesch ní Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń fi páànù alumíníọ̀mù kan àpótí onígun mẹ́rin fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í fọ́, ó máa ń tẹ̀ ni; èèyàn lè fi òkúta lù ú títí tí ìdérí rẹ̀ á fi padà bọ́ sípò. Téèyàn bá dé ibi àgọ́, ó di àga, ó di tábìlì. Hepco & Becker tilẹ̀ ṣe àpótí ike kan, Gobi, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ méjì kí wọ́n lè pọn omi sí àárín. Herbert Schwarz dá Touratech sílẹ̀ ní 1990 ní Jámánì, àpótí alumíníọ̀mù rẹ̀ sì gbayì kárí ayé.

Ohun kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Alumíníọ̀mù tí wọn kò kùn máa ń ṣí. Ẹ di ṣẹ́ẹ̀tì funfun sínú rẹ̀ láìfi àpò sí i, ẹ gba ọ̀nà gbágungbàgun fún ọjọ́ kan: ìlà dúdú ni ẹ máa bá lára aṣọ níbi tó ti ń ha ògiri, ọṣẹ kì í sì í tètè mú un kúrò.

Fáàrí wọ̀ ọ́ ní 2004. Òṣèré Ewan McGregor àti Charley Boorman gun BMW R1150GS Adventure láti London gba ìlà-oòrùn lọ dé New York, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e káàkiri. Lẹ́yìn náà, àpótí alumíníọ̀mù di aṣọ àṣà fún alùpùpù tí kò ní í rí ẹrẹ̀ láéláé. Àwọn tó wo eré náà fojú fo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mongolia: férémù alùpùpù Claudio von Planta, ẹni tó ń ya fíìmù, dá, wọ́n jó o, kò ṣe é lò. Alùpùpù Rọ́ṣíà kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n rà fún un, ó sì ń fi í tẹ̀ lé wọn.

Ìwúwo ló tún dá àpò rírọ̀ padà. Àpótí alumíníọ̀mù méjì pẹ̀lú irin wọn lè tó kílò 15 sí 20 kí ẹ tó di ìbọ̀sẹ̀ kan sí i. Ewu ẹsẹ̀ sì tún wà. Nínú iyanrìn, ẹni tó ń gun alùpùpù máa ń ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa ṣubú. Bí táyà bá rì, tí alùpùpù sì ń lọ síwájú, etí àpótí á gba ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ mú, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báyìí ni ẹsẹ̀ ṣe ń dá. Àpò rírọ̀ á kàn tẹ̀ ni. Ìṣòro òjò ti yanjú: Hartmut Ortlieb ará Jámánì, tí òjò pa lórí kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1981, wo tapólì tí wọ́n fi bo ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì padà lọ fi irú rẹ̀ rán àpò lórí máṣìnì ìránṣọ. Ní Amẹ́ríkà, Giant Loop àti Mosko Moto sọ àpò rírọ̀ di òwò ńlá. Ọ̀bẹ ni ọ̀tá rẹ̀, pẹ̀lú sàlẹ́ńsà tí kò tíì jáwọ́ lọ́rọ̀ náà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó ń gba ọ̀nà ọ̀dà, tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń fi alùpùpù sílẹ̀ níta lóru, àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ló tọ́ sí i. Ẹni tó ń pàgọ́ sínú igbó, tó mọ̀ pé òun máa ṣubú, kó gba àpò. Ìṣòro wà fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ méjèèjì, bíi Kúnlé Adéyanjú, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary tó gun alùpùpù láti London dé Èkó láàárín ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 nítorí ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, ibi tó burú jù lójú ọ̀nà ni mo máa fi yan àpò.

Ní ti dídì, irinṣẹ́, sítóòfù àti omi ni kó wà nísàlẹ̀, kó súnmọ́ síìtì. Aṣọ àti ohun ìsùn ni kó lọ sókè àti sẹ́yìn. Àpótí gíga tí àwọn dispatch ń gbé ní Èkó dára fún oúnjẹ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di irinṣẹ́ sínú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn yóò rí i bí ọwọ́ iwájú ṣe ń fúyẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ́ gbogbo ẹrù yín sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi ìwúwo àpò àti irin kún un, kẹ́ ẹ wá wo iye tí ìwé alùpùpù yín ní ó lè rù. Ẹ rántí ka ara yín mọ́ ọn.