Òǹkọ̀wé àti Ayàwòrán Lórí Ẹní Kan

Ìwé ọmọdé kì í ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ẹni tí ń sọ ìtàn àti ẹni tí ń yàwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ jókòó. Ní Nàìjíríà, Mabel Segun dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ní 1990, ó dá ibùdó ìwádìí ìwé ọmọdé sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, ní àwọn ọdún 1990, òǹkọ̀wé Béatrice Lalinon Gbado dá ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique sílẹ̀ ní Kútọnu, tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wa sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Sanson, ọmọ tó ń sọ Nàgó tàbí Bàrìbá nílé, Faransé ló kọ́kọ́ ń kà. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹní kan fún àgbà onítàn àti ọ̀dọ́ ayàwòrán: orí ẹní náà ni ìwé ọmọ wa yóò ti bẹ̀rẹ̀.