Fídíò Kìnnìún Tí Ẹ Ń Fi Ránṣẹ́ Sí Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ yín ló ti fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi: kìnnìún ń fò mọ́ ọkùnrin méjì lọ́rùn bí ọmọ tó rí bàbá rẹ̀. Ó dùn-ún wò lóòótọ́, àmọ́ ìtàn náà ò tán síbẹ̀.

Christian lorúkọ kìnnìún náà. Lọ́dún 1969, John Rendall àti Ace Bourke rà á ní ilé ìtajà Harrods ní London. Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì ló ń gbé. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ti ń sáré. Wọn ò fìyà jẹ ẹ́. Ó kàn ń dàgbà ni. Kí ọdún kan tó pé, ṣọ́ọ̀bù ò gbà á mọ́. Ní 1970, wọ́n gbé e lọ sí Kora ní Kenya, lọ́dọ̀ George Adamson, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó. Ní 1971 ni wọ́n ya fíìmù ìdìmọ́ra yẹn.

Boy, kìnnìún tí ojú rẹ̀ ti mọ́ èèyàn dáadáa, ni Adamson fi ṣe ẹ̀gbọ́n fún Christian. Ní 1971 yẹn kan náà, Boy pa Stanley, òṣìṣẹ́ Adamson. Adamson fúnra rẹ̀ ló yìnbọn pa Boy.

Ta ló ń fi ìyẹn ránṣẹ́?

Ẹni bíni là á jọ. Ìfẹ́ ò sọ kìnnìún di ológbò. Bí ẹ bá tún wo fídíò náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Stanley.