Ọjọ́ Tí Obìnrin Mẹ́rin Gba Góòlù Fún Íńdíà

Tobi Amusan ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rántí ìdíje Commonwealth ọdún 2022 ní Birmingham. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kí ó tó gba góòlù tirẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́rin kan ti ṣe bẹbẹ nínú eré tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀: lawn bowls. Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ náà, ṣe lọ nìyí.

Òwúrọ̀

Pápá Victoria Park ní ìlú Leamington Spa ni eré ti fẹ́ wáyé. Lánàá, Íńdíà ti fi 16 sí 13 na New Zealand, ó sì ku South Africa ní àṣekágbá. Lovely Choubey, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Jharkhand, ni yóò kọ́kọ́ jù. Pinki, olùkọ́ eré ìdárayá ní Delhi, ló tẹ̀ lé e. Ẹni kẹta ni Nayanmoni Saikia, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó ọba ní Assam, tó ti gbé irin rí. Olórí ikọ̀ ni Rupa Rani Tirkey, òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́ka eré ìdárayá ní Jharkhand. Ní Commonwealth ti Delhi lọ́dún 2010, ipò kẹrin ni Tirkey àtàwọn méjì mìíràn bọ́ sí nínú ìdíje ẹlẹ́ni-mẹ́ta. Ó ti di ọdún méjìlá.

Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Àkókò tí wọ́n fi eré sí pé. Ní Íńdíà, ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Wọ́n yí bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní jack síwájú. Oníkálukú ní bọ́ọ̀lù ńlá méjì láti yí tẹ̀ lé e, kí ó lè dúró nítòsí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ńlá yìí kò rí rogodo tán: bí ó bá ti ń rọra dúró, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, ẹni tó bá wo jack lójú kòròkòrò, tó sì jù ú tààrà, yóò tàsé. Ẹ̀gbẹ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sún mọ́ jack jù lọ nìkan ló ń gba àmì ní abala kan. Abala 15 ni wọn yóò ta.

Abala keje

Íńdíà 8, South Africa 2. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Abala kọkànlá

Kò tíì bùṣe. South Africa ti ń kó àmì jọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n bá Íńdíà ní 8, wọ́n sì kọjá: 10 sí 8. Olórí ikọ̀ ló ń dúró sí ìhà ibi tí jack wà, òun ló ń tọ́ka ibi tí wọn yóò jù sí, òun náà ló sì ń jù kẹ́yìn. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣi bọ́ọ̀lù jù, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù náà ń já lé.

Abala kẹẹ̀ẹ́dógún

Láti ìgbà tí South Africa ti dé 10, wọn kò rí àmì kankan gbà mọ́. Íńdíà gba 9 léraléra. 17 sí 10 ni wọ́n parí rẹ̀. Pẹ́ títí, akólòlò pe baba.

Lẹ́yìn eré

Ọdún 1930 ni lawn bowls wọ inú ìdíje yìí, àmọ́ Íńdíà kò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ kankan níbẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ kẹrin sí i, àwọn ọkùnrin wọn gba fàdákà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba fi oyè eré ìdárayá Arjuna dá Saikia lọ́lá.

Àwọn òṣìṣẹ́ olówó-oṣù ló ṣe iṣẹ́ yìí. Góòlù náà kì í ṣe oríire: 8 sí 2 kò mú wọn gbéra ga, 10 sí 8 kò sì dẹ́rù bà wọ́n.