Bí Orílẹ̀-Èdè Wa Ṣe Ń Yan Àwọn Ọ̀gá Ológun Rẹ̀, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ìjà Ọ̀rẹ̀ Kọ́ Wa

Ọ̀ràn tí mo fẹ́ gbé ka iwájú yín ní ọdún yìí ni ti bí Nàìjíríà ṣe ń yan àwọn tí ó ń darí ọmọ ogun rẹ̀, àti bí ó ṣe ń kọ́ wọn. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ó kan tíṣà nínú ọ̀ràn ogun. Èsì mi ni pé kò sí ọmọ Ọ̀rẹ̀ tàbí ọmọ Odigbo tí ọ̀ràn yìí kò kàn, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni àwọn tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ kan náà ti wá kọ ìbọn sí ara wọn ní ọdún 1967.

Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì àṣekágbá wá bá mi pé òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí ó wà ní Kàdúná. Ìyá rẹ̀ fárígá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Oyún ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá mi fi sá wọ inú oko kòkó nígbà ìjà Ọ̀rẹ̀. Ṣé ọwọ́ ara mi ni kí n fi ti ọmọ mi sínú iná?" Ojú tì mí pé n kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Èsì tí mo wá lọ wá ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìtàn ọmọ ogun Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1863, nígbà tí Glover kó àwọn Hausa díẹ̀ jọ tí ó sì kọ́ wọn ní ìbọn. Glover kan náà ni ó ṣe akitiyan láti ṣí ọ̀nà ìṣòwò láti etí ọ̀sà gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá sí òkè, kí àwọn oníṣòwò má baà há sí ọwọ́ àwọn tí ó ti ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí ogun Hitler parí, òyìnbó nìkan ni ó ń jẹ́ ọ̀gá. Ọmọ ilẹ̀ wa a máa ru ìbọn, a máa kú, ṣùgbọ́n kì í pàṣẹ. Ọdún 1948 àti 1949 ni ilẹ̀kùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí díẹ̀. Lára àwọn tí ó gba ipò ọ̀gá ní 1949 ni Aguiyi-Ironsi àti Samuel Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, aládùúgbò wa.

Láti inú ogún ṣọ́jà lásán ni àwọn ará ìṣáájú wọ̀nyí ti gòkè. Ẹ wo Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943. Ọdún mọ́kànlá ni ó lò kí wọ́n tó rán an lọ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù keje títí di oṣù kọkànlá ọdún 1954, tí ó fi padà dé ní ọ̀gá.

Lẹ́yìn wọn ni ọ̀nà kejì wá ṣí, fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Teshie, nítòsí Accra ní ilẹ̀ Gánà, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn lọ, kí a lè yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ó bá yege níbẹ̀ a wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan a lọ sí Mons ní Aldershot fún oṣù díẹ̀ péré, gẹ́gẹ́ bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ṣe tí ó fi di ọ̀gá ní 1959. Àwọn mìíràn a lọ sí Sandhurst, níbi tí ẹ̀kọ́ ti gùn tí ó sì jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni Benjamin Adékúnlé ti jáde ní 1960, ibẹ̀ ni Murtala Muhammed ti jáde ní 1961, ibẹ̀ náà sì ni Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti kọ́ṣẹ́ ṣáájú wọn. Ẹ fi orúkọ Bánjọ àti ti Murtala sí ọkàn. A óò padà bá wọn ní Ọ̀rẹ̀.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, ó di dandan kí a ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Èyí tí ó wà ní Kàdúná tẹ́lẹ̀ kò tó. Ní oṣù kejì ọdún 1964 ni a dá Nigerian Defence Academy sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìgbà tí Muhammadu Ribadu jẹ́ mínísítà ètò ààbò. Akẹ́kọ̀ọ́ 62 ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wọn jẹ́ ará Íńdíà, ọ̀gá-àgbà àkọ́kọ́ pàápàá jẹ́ ará Íńdíà. Oṣù kìíní ọdún 1969 ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, David Ejoor, tó bọ́ sí ipò náà.

Ní àkókò yẹn kan náà ni ìjọba fi òfin ìpín lélẹ̀: ìdajì fún Àríwá, ìdá mẹ́rin kan fún Ìlà-Oòrùn, ìdá mẹ́rin kan fún Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn kan ní ó dára, nítorí pé ọmọ ogun tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo léwu. Àwọn mìíràn ní kò dára, nítorí pé ẹni tí ó yege jù lè padà sílé. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán di òní.

Ṣùgbọ́n kí àwọn 62 náà tó parí ẹ̀kọ́ wọn ni ilé ti dàrú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọ̀gá kékeré dìtẹ̀. Aṣáájú wọn ní Kàdúná, Nzeogwu, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun, ó sì jẹ́ ọmọ Sandhurst. Wọ́n pa Adémúlẹ́gùn ní ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, ìdìtẹ̀ kejì gba ẹ̀mí Ironsi àti ti Fájuyì ní Ìbàdàn. Ọdún kejì ni ogun bẹ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, wọ́n sì gba Bìní. Bánjọ ni ó ṣíwájú wọn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti dé Ọ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá ní Ọ̀rẹ̀? Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa kò ní béèrè. Oríta ni wá: ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn ti pàdé. Ẹni tí ó bá di Ọ̀rẹ̀ mú lè yà sí Èkó tàbí kí ó yà sí Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ rán ọmọ ogun wá dí ọ̀nà náà, Murtala sì di olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì tí ó lé wọn padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, Bìní bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ kejì sí i, ọjọ́ 22, àwọn Biafra yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu, wọ́n ní ó dalẹ̀ àwọn.

Ilẹ̀ Yorùbá kò gbàgbé. Títí di òní, bí nǹkan bá le koko, a máa ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Àwọn tí ó ń sọ ọ́ ní Èkó kò rántí mọ́ pé àwọn ènìyàn ń gbé Ọ̀rẹ̀, pé wọ́n ní oko, wọ́n sì ní ọmọ ní ẹ̀yìn.

Ohun tí ó wà lọ́kàn mi nìyí: ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ Bánjọ àti Murtala. Ẹ̀kọ́ ìbọn wọn kò yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ìbọn kò tó láti fi mọ ọ̀gá. Ìlú tí ó bá kọ́ ènìyàn ní bí a ti ń jà tí kò kọ́ ọ ní ẹni tí ó tọ́ kí ó gbọ́ràn sí lẹ́nu, ó ti bí wàhálà.

Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ń bójú tó Kàdúná ti rí èyí díẹ̀. Láti ọdún 1985 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń gba oyè yunifásítì, kí ọ̀gá ológun lè jẹ́ ẹni tí ó mọ ìtàn tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe ìtọ́ṣọ̀nà ìbọn nìkan. Láti 2011 ni wọ́n ti ń gba àwọn obìnrin pẹ̀lú sí ẹ̀ka àwọn tí ń jagun. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú iṣẹ́ márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò kò sì gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Yóò ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, yóò sì tún ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde yóò lọ sí Kàdúná níwájú ìgbìmọ̀ ayẹniwò. Dókítà yóò yẹ ara rẹ̀ wò, yóò sáré, yóò fo ìdènà. Lẹ́yìn èyí, wọn a kó àwọn ọ̀dọ́ bí mélòó kan jọ, wọn a fún wọn ní iṣẹ́ ìnira láìyan olórí fún wọn. Ọdún 1942 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ ọlọ́lá kọ́ ni ó ń mọ ogun darí. Àwọn ayẹniwò a dúró, wọn a máa wò: ta ni ó ń pariwo lásán? Ta ni ó ń ronú? Ta ni ó ń ran aláìlera lọ́wọ́? Ẹ̀yin òbí, ta ni ó kọ́ ọmọ ní èyí bí kò ṣe ilé? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Mo padà lọ bá ìyá ọmọ náà, mo sì ro gbogbo ìtàn yìí fún un. N kò sọ pé kò sí ewu. Mo sọ pé bí àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ìwà kò bá lọ, àwọn mìíràn yóò lọ, ìbọn náà yóò sì wà ní ọwọ́ wọn bí wọ́n bá tún dé oríta wa. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣe é." Ọmọ náà kò yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ìṣirò ni ó gbé e ṣubú. Ó ti tún ń múra.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní nǹkan méjì. Èkíní, kí a ṣètò ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ìpín ìpínlẹ̀ wa má ṣe kọjá lójú àwọn ọmọ wa. Èkejì, kí a yan àwọn tí yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ojú wọn rí ìjà 1967, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún. Ọmọ ilé wa tí yóò di ọ̀gá ológun ní láti mọ ohun tí ìbọn ṣe ní ilé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó fi í lé e lọ́wọ́.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́ ní Ọ̀rẹ̀ àti ní Odigbo. Àṣẹ.