Ìkòkò Ẹtì Rere: Fùréjọ̀n àti Ìtàn Àwọn Àgùdà Èkó

Bí a bá dárúkọ àwọn Àgùdà ní Èkó, ilé ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọn a rántí ilé alájà tí ó ní fèrèsé gbọọrọ, tí a fi símẹ́ńtì ṣe òdòdó sí ojú ògiri rẹ̀, ní Pópó Àgùdà, ní òpópó Bámgbóṣé àti ní òpópó Kákàwá. Wọn a rántí Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà láàrin àwọn Àgùdà, kọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn òpìtàn pẹ̀lú ṣe ń kọ ọ́: orúkọ oníṣòwò, orúkọ kọ́lékọ́lé, orúkọ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ibi tí ó burú nínú èyí, àfi pé ilé a máa wó. Ilé àwọn Fernandez ní ojúde Tinúbú, tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar, ni a kọ́ ní 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni a wó o lulẹ̀. Òfin tí ó dáàbò bò ó wà nínú ìwé síbẹ̀. Òfin náà kò sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wó o.

Ohun kan wà tí àwọn Àgùdà mú ti òkè òkun bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi òfin dáàbò bò, tí kò sì tíì wó. Ìyẹn ni oúnjẹ tí à ń pè ní fùréjọ̀n, tí àwọn ìdílé Àgùdà, pàápàá àwọn tí wọ́n jẹ́ Kátólíìkì, máa ń sè ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí a ń rántí ikú Jésù. Ẹni tí kì í bá ṣe ará Èkó lè wò ó kí ó sì sọ pé, ẹ̀wà náà kọ́ nìyí? Àwọn àgbà sì wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iṣẹ́ fùréjọ̀n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Láti ọjọ́bọ̀ ni a ti ń ṣa ẹ̀wà, tí a sì ń rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹ̀wà dúdú tàbí ẹ̀wà pupa kéékèèké ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀wà ìbejì. A ó sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá, tí kò fi ní sí hóró kan tí ìka kò lè tẹ̀ fọ́. Nígbà tí ó bá ń jinná lọ́wọ́, àwọn ọmọbìnrin ilé yóò máa fọ́ àgbọn, wọn yóò máa rin ín, wọn yóò sì fi omi lílọ́wọ́ọ́ fún un. Omi àkọ́fún a máa ki bíi wàrà. Ọ̀tọ̀ ni a ń gbé e sí. Èyí tí a bá tún fún lẹ́yìn rẹ̀ a fúyẹ́, òun ni a sì fi ń lọ ẹ̀wà náà kí a tó sẹ́ ẹ. Èèpo a kù sínú asẹ́, ohun tí ó bá sì kọjá a múná bí ẹ̀kọ mímu. Èyí ni a óò gbé padà sí orí iná, pẹ̀lú wàrà àkọ́fún, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀. Àwọn ilé kan a fi kànáfùrù sí i. Láti ìgbà náà lọ, ẹnìkan kò gbọdọ̀ fi omorógùn sílẹ̀, nítorí pé wẹ́rẹ́ báyìí ni ó ń jó ní ìdí, bí ó bá sì ti jó, gbogbo ìkòkò ni yóò gba òórùn rẹ̀.

A kì í jẹ ẹ́ lásán. Ọbẹ̀ ata tí ó ta dáadáa ni a ń bù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹja díndín, ìgbín, akàn tàbí edé, a ó sì wọ́n gàrí lé e lórí. Ẹran kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé ìjọ Kátólíìkì kò gba ẹran jíjẹ ní ọjọ́ náà. Adùn ṣúgà àti títa ata nínú àwo kan náà a máa ya ará òkè lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n láti kékeré kò ní gbà pé ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà jẹ ẹ́.

Nísinsìnyí, níbo ni ó ti wá? Èdè Potogí ni orúkọ rẹ̀: feijão, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ẹ̀wà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti gbúròó feijoada, oúnjẹ tí gbogbo ayé fi mọ Bràsíl, ni ó ń sọ pé òun ni ó bí fùréjọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ọkàn feijoada, hóró ẹ̀wà rẹ̀ a sì máa wà ní odindi. Kò ní àgbọn, kò sì ní ṣúgà. Báwo ni oúnjẹ ẹran yóò ṣe di oúnjẹ ọjọ́ àwẹ̀? Ẹbí fùréjọ̀n gan-an wà ní Bahia, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà ti ṣe ẹrú. Níbẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì Rere kan náà, wọ́n ń sè feijão de leite, èyíinì ni ẹ̀wà oníwàrà: ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sí, tí a sì gbé ka iwájú ẹni pẹ̀lú ẹja, pẹ̀lú vatapá àti caruru. Ọjọ́ kan náà ni, ọ̀nà sísè kan náà ni, ẹja kan náà ni ó sì tẹ̀ lé e. Kò sí ìwé ìrìnnà kankan tí ó lè ṣe ẹ̀rí ju èyí lọ.

Bí ó ṣe dé Èkó kò ṣeé sọ láìsọ ti àwọn obìnrin tí ó sè é. Ní ìlú Salvador, tí í ṣe olú ìlú Bahia, ètò kan wà nípa èyí tí olówó ẹrú máa ń jẹ́ kí ẹrú rẹ̀ jáde lọ ṣòwò tàbí ṣe iṣẹ́ láàrin ìgboro. Ẹrú yóò san iye kan pàtó fún olówó rẹ̀. Ohun tí ó bá kù di tirẹ̀. Àwọn obìnrin Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, mú oúnjẹ títà mọ́ra ju ohunkóhun lọ. Ọgbọ́n ọjà tí wọ́n ti mọ̀ nílé ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n ń gbé igbá ká àdúgbò, wọ́n ń polówó, wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa ní ẹ̀gbẹ́ títì. Acarajé ni àkàrà náà ń jẹ́ níbẹ̀ títí di òní, ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ àkàrà àti jíjẹ nínú orúkọ náà. (Ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin aláàkàrà yìí sínú ìwé àwọn ohun ìní orílẹ̀-èdè wọn ní 2005, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ ilé.) Díẹ̀díẹ̀ ni owó ń kún inú kólò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi owó yìí ra ara wọn padà, àwọn mìíràn sì fi ra ọmọ tàbí ọkọ. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dán nídìí ààrò súnmọ́ òmìnira ju ẹni tí kò mọ̀ ju roko ìrèké lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpọ́nni. Ìṣirò owó ni.

Lẹ́yìn òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nígbà tí àwọn Ìmàle, tí Nàgó pọ̀ jù lọ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Salvador, ojú burúkú ni àwọn aláṣẹ fi ń wo gbogbo ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan kúrò ní ìlú; àwọn mìíràn rí i pé ayé kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn mọ́, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ọ̀nà ilé ni wọ́n dorí kọ: Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́, Wídà àti Èkó. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní 1851, tí òwò ẹrú sì rọlẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ wá pọ̀ sí i, wọn kò sì dẹ́kun títí tí Bràsíl fi fi òpin sí oko ẹrú ní 1888 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìwé ìrìnnà sọ iṣẹ́ àwọn ọkùnrin: gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ, bíríkìlà. Ìkòkò ni ó sọ iṣẹ́ àwọn obìnrin.

Bí a bá wá tú ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á túbọ̀ dùn. Ẹ̀wà tiwa, èyí tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Òun ni ó bá àwọn ẹrú dé Bahia, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣe acarajé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọ́n ń sè sí feijão de leite jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí obìnrin Àgùdà dé Èkó, ẹ̀wà tí ó bá ní ọjà ni ó rà. Orúkọ Potogí àti ọ̀nà sísè Bahia ni ó fi wọ ẹ̀wà ilé. Àgbọn kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kankan. Etí Òkun Íńdíà ni ilé rẹ̀, àwọn Potogí ni ó sì gbé e wá sí etíkun tiwa àti ti Bràsíl ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ata tí ó ń jó ẹnu pẹ̀lú, láti Amẹ́ríkà ni. Kí ó tó dé, ìyèré àti ataare ni àwọn baba wa mọ̀. Ní ti ṣúgà, a kò gbọdọ̀ fi ojú fo ó. Oko ìrèké ni ó yí Salvador ká, nítorí oko ìrèké ni a sì ṣe kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà kọjá òkun. Ohun tí ó pa àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fi mú oúnjẹ àwẹ̀ wọn dùn, àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò sì yọ ọ́ kúrò.

Gàrí tí a ń wọ́n lé e lórí náà ní ìtàn. Ẹ̀gẹ́ ti dé Áfíríkà ní ọwọ́ àwọn Potogí kí a tó gbọ́ orúkọ Àgùdà, ṣùgbọ́n yíyọ oró rẹ̀ àti sísọ ọ́ di ohun tí ó lè pẹ́ nílé gba ọgbọ́n, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé àwọn tí ó ti Bràsíl dé ní ọwọ́ púpọ̀ nínú bí gàrí ṣe gbilẹ̀ láàrin wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Bahia, kò sí ẹni tí ń jẹ ẹ̀wà láìwọ́n farinha, tí í ṣe ẹ̀gẹ́ yíyan, lé e lórí. Ọmọ Èkó tí ó ń wọ́n gàrí sí fùréjọ̀n rò pé àṣà Ìjẹ̀bú ni òun ń tẹ̀ lé. Àṣà Bahia ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú ni ó ti ra gàrí náà.

Ó yẹ kí a fi Èkó wé Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ di Porto-Novo. Àwọn Àgùdà ibẹ̀ ní ọdún tiwọn ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún Olúwa Bonfim, tí wọ́n mú ti Bahia wá. Ní ọjọ́ náà, feijoada ẹlẹ́ran ni wọ́n ń sè, àti cozido, tí ẹnu ti sọ di kusídù. Ọdún ayọ̀ ni ti Bonfim, kò sí àwẹ̀ níbẹ̀, ẹran sì bá a mu. Èkó ní tirẹ̀ di oúnjẹ ọjọ́ àwẹ̀ mú. Ìlú méjì tí àwọn ará wọn ti orí ilẹ̀ kan náà wá, tí ọ̀kan pa oúnjẹ ayọ̀ mọ́, tí èkejì pa oúnjẹ ọ̀fọ̀ mọ́: ìdí rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí, kò sì ní rí i nínú àpótí ìwé ìjọba. Ẹnu àwọn ìyá àgbà ni yóò ti gbọ́ ọ, kí wọ́n tó lọ tán. Kí ó bi wọ́n léèrè ilé tí ó ń fi kànáfùrù sí i àti ilé tí kò fi sí i, ẹni tí ó kọ́ wọn, àti orúkọ tí wọ́n ń pe asẹ́ náà. Kí ó bi wọ́n pẹ̀lú nípa àwọn àwo.

Nítorí pé ìkòkò fùréjọ̀n kì í kéré. Àwọn ọmọ tí ó ti lọ gbé ní Súúrùlérè àti Ìkẹjà a máa padà sí ilé ẹbí ní Erékùṣù Èkó ní ọjọ́ náà, síbẹ̀ a kì í sè é mọ ní ìwọ̀n ẹnu wọn. A ó bù ú sínú àwo, a ó da nǹkan bò ó, ọmọdé yóò sì gbé e lọ sí ilé aládùúgbò, ìbáà jẹ́ Kátólíìkì tàbí onígbàgbọ́ ìjọ mìíràn. Mùsùlùmí pẹ̀lú ń gbà á, nítorí pé àwọn Àgùdà tí ó jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ láti ìgbà ìdìtẹ̀ 1835 wá, oko ẹrú kan náà ni wọ́n sì ti jọ dé. Àwo náà kì í padà ní òfìfo. Bí kò bá tètè padà, a ó máa retí rẹ̀ ní Iléyá, pẹ̀lú ẹran àgbò nínú rẹ̀.