Ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ọmọdé wa?

Fọ́ọ̀mù fellowship kan ló wà níwájú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo fẹ́ wádìí, àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú wá láti abúlé sílé “àǹtí” n'Ìbàdàn. Ìbéèrè kan dá mi dúró: kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ló yẹ ká fún lówó? Mo bá pa láptọ́ọ̀pù dé, mo lọ ń ka ìtàn. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀ 🧵

Ní 1924, League of Nations fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Eglantyne Jebb kọ. Nígbà tó di 1931, wọ́n ṣèpàdé lórí àwọn ọmọ Áfíríkà. Níbo? Geneva. Àwọn òyìnbó ló kún ibẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni Rockefeller Foundation gbà láti fowó ti International African Institute ní London lẹ́yìn, kí wọ́n lè fún àwọn onímọ̀ ní fellowship wá ṣèwádìí lọ́dọ̀ wa. Nadel, ọmọ Austria, lọ bá àwọn Tápà ní Bídà. Meyer Fortes, òyìnbó South Africa, lọ bá àwọn Tallensi ní àríwá Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní.

Ní 1938, Fortes tẹ ìwé jáde lórí bí ọmọ Tallensi ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. N ò ní purọ́, iṣẹ́ tó dáa ni. Ó wo eré àwọn ọmọ, ó rí i pé ohun tí àgbà ń fi ṣiṣẹ́ lọmọ fi ń ṣeré, ibẹ̀ ló ti ń mọ iṣẹ́. (Ìyá àgbà mi ì bá ti sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó wọkọ̀ òkun.)

Ẹni tó ń dùn mí ni N.A. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní 1939 ló parí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì London, lórí àwa Yorùbá: ìdílé, ìgbéyàwó, ọmọ títọ́, gbogbo ẹ̀. Ó kú ní 1944. Ìwé náà ò jáde àfi ní 1970, n'Ìbàdàn. Ọdún 31! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó parí ẹ̀ á ti bímọ tiẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí 1973 fi jọ mí lójú. Ọdún yẹn ni wọ́n dá CODESRIA sílẹ̀ ní Dakar, Samir Amin ọmọ Íjíbítì ló kọ́kọ́ darí ẹ̀. Wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lówó, wọ́n sì ti ń pe àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Ẹ tún wo July 1990. Àwọn olórí Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tiwọn ní Addis Ababa, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ti UN. Abala 31 ní ọmọ náà ní ojúṣe: kó bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó ràn wọ́n lọ́wọ́ tí wọ́n bá nílò ẹ̀. Inú mi dùn tí mo kà á. Àfi ìgbà tí mo rántí pé ohun tí gbogbo àǹtí ń sọ gan-an nìyẹn: “Ó kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí kí lọmọ wà fún?”

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ náà ṣì ń fọ abọ́.

Ọ̀kan gbé nílé wa nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹgbẹ́ mi ni. Òun ló ń fọ yunifọ́ọ̀mù tí mo ń wọ lọ iléèwé. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, mo pa á rẹ́, mo kọ “ọmọ kan”. Mo tún pa ìyẹn náà rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń tì í.